Ẹ̀kọ́ Nípa Bí Ohun Líle Ṣe Ń Rìn Tí Ó Sì Ń Yí
Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn ará sọ ní ilé ìkàwé ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kan ni, tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá wọ ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó sì ń mú kí àwọn mìíràn nínú wọn fẹ́ yí padà kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà kàn mí nìyí. Ní ìsinmi ọdún tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti yunifásítì pẹ̀lú èsì ìdánwò rẹ̀. Ó yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi nínú ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Dynamics. Ó wí fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà mọ́, pé òun yóò lọ kọ́ ohun mìíràn tí kò ní ìṣirò nínú. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ ní ẹ̀bá Ṣakí. Ó ti ná owó kaṣú ọdún méjì sórí ẹ̀kọ́ ọmọ yìí, ó sì tún ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, nítorí pé nínú agboolé wa, èmi ni wọ́n kà sí ẹni tí ó mọ̀wé. Kí n má purọ́ fún yín, àyà mi já. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo parí. N kò dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a jọ ṣí ìwé, a sì jọ lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi tó yín létí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Bí ọmọdé bá sọ òkúta kékeré lu máńgòrò, òkúta náà yóò gòkè, yóò tẹ̀ bí ọrun, yóò sì sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá òkúta náà ń yí lójú ọ̀nà tàbí kò yí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju kóńdó, ọ̀rọ̀ ti di méjì: kóńdó náà ń lọ, ó sì ń tàkìtì. Bí orí rẹ̀ ti ń lọ sókè ni ìdí rẹ̀ ń bọ̀ wá sílẹ̀, ẹni tí ó ń wò ó yóò sì rò pé kò sí ìlànà kankan nínú ìrìn rẹ̀. Ìlànà wà níbẹ̀. Ẹ gbé kóńdó náà lé orí ìka kan ṣoṣo, kí ẹ máa sún un títí kò fi ní tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì mọ́. Ibi tí ìka yín wà nígbà náà ni ojúkò ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ sì tún jù ú. Ẹ ó rí i pé àmì ẹfun náà gba ọ̀nà tí òkúta gbà gan-an, ó tẹ̀ bí ọrun láì tàkìtì, gbogbo ara kóńdó tí ó kù ni ó ń yí ká a. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: kí ó ya ìrìn sọ́tọ̀, kí ó ya yíyí sọ́tọ̀, kí ó ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún so wọ́n pọ̀.

A ń pe kóńdó, àdá, òòlù àti ọmọ odó ní ohun líle nítorí pé ibi kan nínú ara wọn kì í sún mọ́ ibòmíràn, kì í sì í jìnnà sí i, bí ó ti wù kí a jù wọ́n tó. Omi kò rí bẹ́ẹ̀, okùn kò sì rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ohun kan láyé tí ó le pátápátá, nítorí irin pàápàá a máa tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìṣirò lè ṣeé ṣe.

Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tẹ ìwé òfin ìrìn jáde ní ọdún 1687. Leonhard Euler, ẹni tí a bí ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1707, ni ó mú òfin náà dé orí ohun líle tí ń yí, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní ọdún 1765. Ojú ọkùnrin yìí fọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣe ìṣirò nínú orí rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀, títí ó fi kú ní ọdún 1783. Mo ka èyí sí etí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò dá mi lóhùn.

Mo ní kí ó fi ìwé tí ó kọ ní kíláàsì hàn mí. Fọ́múlà ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí àwòrán ohunkóhun níbẹ̀. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí, bí ẹni há oríkì ìdílé onílé sórí tí kò sì mọ ẹni kan nínú wọn. Ó ní àwọn pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá pẹ́ dé kì í rí pátákó, òun a sì máa pẹ́ dé nítorí pé ibi tí òun wọ̀ sí jìnnà. N kò bá a jiyàn. Mo ní kí ó pa ìwé dé, kí ó jẹ́ kí a lọ kí alágbẹ̀dẹ.

Ẹ̀yin ará Ṣakí mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ kì í ṣe àlejò ní ìlú yín. Bàbá arúgbó kan ni a bá lẹ́nu ẹwìrì. Mo ṣàlàyé ohun tí ó gbé wa wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú ọ̀pá irin gbọọrọ kan tí ó dọ́gba láti orí dé ìdí. Ó tẹ́ ẹ sórí pákó dídán, kí ó má bàa jẹ́ pé ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò tàn wá jẹ. Ó ní kí ọmọ náà di àárín ọ̀pá mú, kí ó máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Ó yí i wẹ́rẹ́. Ó ní kí ó di ìdí rẹ̀ mú wàyí, kí ó ṣe bákan náà. Ó ní láti fi gbogbo apá sí i.

Bàbá náà wí pé, “Irin kan náà ni o. N kò fi nǹkan kún un.”

Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti sáré ṣí ìwé rẹ̀. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní moment of inertia. Èmi ti sọ ọ́ ní àgídí yíyí ní tèmi, nítorí òun ni ó ń sọ bí ohun kan ti ń ṣe agídí tó nígbà tí a bá fẹ́ yí i. Fún ọ̀pá tí ó dọ́gba, bí a bá yí i láti àárín, a ó sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó fi ìwúwo rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì fi 12 pín in. Bí a bá yí i láti ìdí, 3 ni a ó fi pín in. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò kékeré yóò rí i pé àgídí ti ìdí jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àárín. Ọmọ náà ti há fọ́múlà méjèèjì sórí láti ọdún tí ó kọjá, kò sì mọ̀ pé apá òun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí ohun kan ti wúwo tó nìkan kọ́ ni ó ń mú kí ó ṣòro láti yí. Ibi tí ìwúwo náà jókòó sí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìwúwo bá jìnnà sí ibi tí a ti ń yí i ní ìlọ́po méjì, àgídí rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá jìnnà ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Àwọn ìyá wa àgbà ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ran òwú fún aṣọ òkè mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ni a ṣe ń fi amọ̀ roboto sí ìdí kẹ̀kẹ́ òwú? Igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán yóò yí díẹ̀, yóò sì dúró. Amọ̀ tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó fún un ní àgídí, kí ó lè máa yí lọ nígbà tí ọwọ́ ń fa òwú. Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà ní ọjà wa náà. Àgbá irin ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Epo kì í jó nínú ẹ̀rọ náà láì dánu dúró. Ó ń jó, ó ń sinmi, ó tún ń jó. Nígbà tí ó bá sinmi, àgídí àgbá yẹn ni ó ń gbé ọlọ lọ títí epo yóò fi tún jó. Nítorí náà ni àwọn tí ó rọ ọ́ ṣe kó irin rẹ̀ sí ẹ̀bá etí, tí wọn kò kó o sí àárín.

Bàbá alágbẹ̀dẹ tún bi wá ní ìbéèrè kan, èyí tí ó dùn mọ́ mi jù. Ó ní kí ni ó dé tí àdá fi máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́ nígbà mìíràn tí a bá gé igi, tí ọwọ́ yóò kú tipiri, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ tí a kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Gbogbo àgbẹ̀ tí ó wà níhìn-ín mọ ohun tí ó ń wí. Ìdáhùn wà nínú ìwé ọmọ náà. Bí ohun líle bá kọ lu nǹkan, gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ padà sẹ́yìn, ó sì tún fẹ́ yí. Ibì kan ṣoṣo ni a lè fi gbá nǹkan tí méjèèjì yóò fi pa ara wọn rẹ́ níbi tí ọwọ́ wà. Fún ọ̀pá tí ó dọ́gba tí a di ìdí rẹ̀ mú, ibẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ láti ọwọ́. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 gbá a. Àdá kò dọ́gba bí ọ̀pá, nítorí náà ibi tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ sì ni ó fi ń wá a rí.

Ó yẹ kí n sọ nípa ẹnìkan nínú àwọn ènìyàn wa tí ó fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe iṣẹ́ títí ayé fi gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ni. A bí i ní Oṣòdì ní ọdún 1937. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ oníṣòwò láti Modákẹ́kẹ́. Ó kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó, ó sì lọ sí Zaria, níbi tí ó ti gba oyè ẹnjiníà ẹ̀rọ pẹ̀lú ipò kìíní ní ọdún 1962. Ó ré kọjá lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1966. Ohun tí ó wádìí níbẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ wa rárá: bí ohun líle tí a gbé ka orí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, ó dà bí ẹni pé kò mira, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ ńlá ó ń tẹ̀, ó sì ń ta padà, bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sórí tìmùtìmù. Bí ẹ̀rọ náà bá ń yára dé ìwọ̀n kan, gbígbọ̀n náà á pọ̀ sí i débi pé ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè ba ilé jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́yìn ògiri yín, ẹ ti rí sáná irú rẹ̀. Awójọbí àti olùkọ́ rẹ̀ Grootenhuis gbé ìṣirò náà jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní ọdún 1965. Nígbà tí ó di ọdún 1974, yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè D.Sc., òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹnjiníà ẹ̀rọ. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Ó tún ọkọ̀ kan ṣe tí ó sọ ní Autonov 1, èyí tí ó lè sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà. Ó kú ní ọdún 1984, kò tíì pé ẹni ọdún 48.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa pè é ní Dead Easy, nítorí pé bí ìṣirò ti wù kí ó le tó, ohun tí ó máa ń wí ni pé ó rọrùn jọjọ. Èmi kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó rọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò nídìí rẹ̀, orí fọ́ mi ju ìgbà tí mo ń ṣe ìdánwò girama lọ.

Bóyá ẹnìkan wà níhìn-ín tí ń wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni gbogbo èyí kàn mí, èmi tí n kò lọ́mọ ní yunifásítì? Ẹ wo àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ń gba ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí. Wọ́n ń di èédú àti ègé sórí wọn títí tí ẹrù yóò fi ga ju orí ilé lọ, àwọn ènìyàn yóò sì tún gun orí ẹrù náà. Ọ̀nà tẹ́jú, ọkọ̀ ń lọ, kò sí nǹkan. Ó dé ibi kọ́nà, ó sì dojú dé. Wọn yóò ní ayé ni, tàbí pé awakọ̀ kò wẹ̀ kí ó tó jáde. Ìṣirò ohun líle ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní kọ́nà, ilẹ̀ ni ó ń ti táyà wọ inú kọ́nà, nígbà tí ojúkò ìwúwo ọkọ̀ wà lókè tí ó fẹ́ máa lọ tààrà. Bí ojúkò náà bá ga sókè ní ìlọ́po méjì, ìdajì agbára tí ìbá dojú ọkọ̀ náà dé tẹ́lẹ̀ ti tó láti dojú rẹ̀ dé. Bí awakọ̀ bá sì sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní kọ́nà kan náà, agbára tí ó fẹ́ dojú rẹ̀ dé di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó jókòó sórí ẹrù ti fi ara rẹ̀ kún ohun tí ó ń gbé ojúkò ìwúwo sókè, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ já lulẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ ròyìn rẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Láti ọjọ́ àgbẹ̀dẹ ni a ti yí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ padà. Ìṣirò kankan tí a bá mú, kò gbọdọ̀ kọ fọ́múlà kí ó tó ya àwòrán. Kí ó ya ohun náà nìkan, ní jíjá a gbà kúrò lọ́wọ́ gbogbo ohun tí ó kàn án. Kí ó sì wá fi ọfà kọ̀ọ̀kan ṣe àmì agbára kọ̀ọ̀kan tí ń tì í tàbí tí ń fà á: ìwúwo rẹ̀, ilẹ̀ tí ó gbé e, okùn tí ó so ó, ọwọ́ tí ó mú un. Ọfà kan tí ó gbàgbé ni ó máa ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Mo rí i pé nínú ìṣirò mẹ́wàá tí ó ṣì, mẹ́jọ ni ó jẹ́ pé ọfà ni kò pé, kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Lẹ́yìn àwòrán ni ó tó ń sọ fún mi ní èdè Yorùbá ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́ fún mi kí ó yé mi, a jẹ́ pé kò tíì yé òun náà. Òye mi tí kò tó nǹkan wá di ohun èlò!

Ẹ̀yin òbí, owó ìwé tí ọmọ bá béèrè fún ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe owó ìgbádùn. Ìwé náà wọ́n lóòótọ́, ẹ lè jẹ́ kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta dá owó jọ rà á. Ẹ má sì pe ẹni tí ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ní olódo. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti wà nítòsí wa ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọdún 2014 ni Políìtẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn ní Ṣakí ti dá dúró, tí kì í ṣe ẹ̀ka ti Ìbàdàn mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, n kò gbọdọ̀ sọ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, n ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá irin kan àti pákó dídán kan sínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Kò wọ́n.

Ọmọ náà padà lọ, ó tún ìdánwò náà kọ, ó sì yege. Kò gba ipò kìíní. Bàbá rẹ̀ kò bèèrè ipò.

Nígbà tí ó fẹ́ lọ, ó fi eré kan hàn mí tí òun náà kà nínú ìwé, mo sì mú ohun tí a ó fi ṣe é wá. Ìwé kan nìyí lórí tábìlì, mo ti fi okùn dì í kí ó má bàa ṣí. Ẹ jù ú sókè kí ó yí bí àwo tí ó tẹ́jú. Yóò yí dáadáa. Ẹ jù ú kí ó yí bí kẹ̀kẹ́ òwú, ní òró. Yóò yí dáadáa. Wàyí o, ẹ mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí èèpo iwájú kọjú sí yín, kí ẹ sì jù ú kí ó tàkìtì lẹ́ẹ̀kan, orí síwájú, ìdí sẹ́yìn. Bí ẹ bá mú un padà, ẹ ó rí i pé ó ti yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà lójú ọ̀nà, èèpo ẹ̀yìn ni yóò kọjú sí yín. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ yí i. Ohun líle bí ìwé yìí ní ọ̀nà mẹ́ta tí ó lè gbà yí: ọ̀kan tí àgídí rẹ̀ kéré jù, ọ̀kan tí ó pọ̀ jù, àti ọ̀kan tí ó wà láàárín. Méjì àkọ́kọ́ dúró ṣinṣin, ti àárín kì í dúró, ìṣirò Euler ni ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ súnmọ́ tòsí. Ta ni yóò kọ́kọ́ jù ú?